Alùpùpù Ẹlẹ́rù: Bí Táyà Kẹta Ṣe Dé Ilẹ̀ Yorùbá

Alùpùpù ẹlẹ́rù ni ohun ìrìnnà tí ó ní ẹ̀ńjìnnì, tí a ń gùn bí kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n tí a fi táyà kẹta kún un kí ó lè gbé ẹrù tí káríà ẹ̀yìn kò lè gbà. Oríṣi méjì ló wà: èkínní ní apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbẹ́, ìyẹn àpótí tí a so mọ́ ìhà kan alùpùpù, tí ó ní táyà tirẹ̀, èkejì ní táyà méjì lẹ́yìn, tí àpótí ẹrù sì jókòó sórí wọn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, títí dé àwọn ìlú orí òkè Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bí Ọ̀tan Ayégbajú, Ìgbàjọ àti Ìrẹ̀sì, oríṣi kejì ló fìdí múlẹ̀, bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe rí sì wà lára ohun tí ó fa èyí.

Kí ẹ̀ńjìnnì tó wọ́pọ̀, orí ènìyàn àti kẹ̀kẹ́ ológeere ni ẹrù oko ń bá dé ọjà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, tí kòkó àti èkùrọ́ sì di ohun tí owó ń bá rìn, àgbẹ̀ nílò ohun tí yóò gbé ẹrù láti inú igbó dé ojú títì. Kẹ̀kẹ́ Raleigh, tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí irin rẹ̀ nípọn, ni ó gba iṣẹ́ náà. Àwọn Òṣómàáló, ìyẹn oníṣòwò aṣọ ará Ìjẹ̀ṣà tí ń tajà àwìn láti ìlú dé ìlú, fi rọ́bà tí a gé lára túùbù di ìdì aṣọ mọ́ káríà, wọ́n sì gun kẹ̀kẹ́ náà jìnnà. Òkè nìkan ni kẹ̀kẹ́ kò lè ṣẹ́gun, nítorí níbi tí ọ̀nà bá ti dà sókè, ẹni tó gùn ún gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí ó sì máa tì í.

Irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ńjìnnì lè dín kù, àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ mìíràn sì ti so ó mọ́ kẹ̀kẹ́. Ní 1946, Soichiro Honda mú ẹ̀ńjìnnì kékeré tí àwọn ọmọ ogun Japan fi ń ṣe iná fún ẹ̀rọ rédíò, ó sì so ó mọ́ kẹ̀kẹ́. Mobylette, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ńjìnnì ti ilé iṣẹ́ Motobécane ní Faransé, tẹ̀lé e ní 1949, ó sì gbilẹ̀ ní Benin àti Togo. Ẹ̀ńjìnnì irú wọn ń ran ẹni tó gùn wọ́n lọ́wọ́ lórí òkè, ṣùgbọ́n sípókù àti bíréèkì kẹ̀kẹ́ kò lágbára fún ẹrù wúwo lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí náà alùpùpù gidi ni ó gba ipò wọn. Ilé iṣẹ́ Honda dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Ọ̀tà ní Nàìjíríà ní 1979. Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 1986 sọ ọkọ̀ di ọ̀wọ́n gógó, alùpùpù di ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù, a sì ń pè é ní ọ̀kadà, orúkọ tí a yá lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ láti fi táyà kẹta kún alùpùpù, ìyẹn apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbẹ́, ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1903. Ẹni tí ó bá fẹ́ kàn án lónìí yóò rí i pé iṣẹ́ ọgbọ́n ni: táyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣíwájú táyà ẹ̀yìn alùpùpù díẹ̀, imú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ sọ́dọ̀ alùpùpù díẹ̀, alùpùpù fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fì sí òdìkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣáá. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yí ìrìn ọkọ̀ sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, ọ̀tún ni ó yẹ kí apẹ̀rẹ̀ wà. Bí a bá tẹ iná mọ́ ọn, ó ń fà sí ọ̀tún. Bí a bá tẹ bíréèkì alùpùpù nìkan, ó ń fà sí òsì. Bí a bá sì yà sí ọ̀tún pẹ̀lú eré nígbà tí apẹ̀rẹ̀ ṣófo, táyà rẹ̀ lè gbéra kúrò nílẹ̀. Lójú ọ̀nà oko tí omi ti gbẹ́, tí ó sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ kan péré, táyà ẹ̀gbẹ́ náà kò rí ibi tẹ̀.

Oríṣi tí ó ní táyà méjì lẹ́yìn kì í fà sí ẹ̀gbẹ́ kan báyìí. Piaggio ní Ítálì ti ṣe Ape, ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta ẹlẹ́rù, ní 1948. Bajaj ní Íńdíà gba àṣẹ láti máa ṣe irú rẹ̀, ohun tí ó sì wá di Kẹ̀kẹ́ Márúwá nílùú Èkó, tí a fi orúkọ Buba Marwa, gómìnà ológun láàrin 1996 sí 1999, sọ, wá láti ìdílé yìí. Ti ẹlẹ́rù tí ó ní imú alùpùpù, tí wọ́n ń kó wọlé láti Ṣáínà, ni àwọn ará Ghana ń pè ní aboboyaa. Ohun pàtàkì inú rẹ̀ ni jíà ẹ̀yìn, tí ń jẹ́ kí táyà òde yí ju táyà inú lọ bí a bá ń yà, kí táyà má baà máa họ ilẹ̀.

Ìtàn kì í sábà ka iṣẹ́ àwọn wẹ́dà sí, bẹ́ẹ̀ wọ́n yẹ fún ọ̀wọ̀ ńlá. Lójú ọ̀nà tó ti Nàìjíríà wọ Àjàṣẹ́ ní Benin, wọ́n sọ Vespa àtijọ́ di ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta fún àwọn akàndá ẹ̀dá, tí àwọn yẹn sì fi ń kó bẹntiróòlù. Ní ilé iṣẹ́ àwọn wẹ́dà ni a ti ń fi irin kún káríà ọ̀kadà, tí a sì ń fún àpótí ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta lókun. Ọ̀kadà ṣì ni ó ń wọ ojú ọ̀nà tóóró lọ kó iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde, ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta a sì gbà á ní ẹ̀bá títì.