Ìtàn Tábà àti Sìgá ní Nàìjíríà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ dá ilé-iṣẹ́ sìgá sílẹ̀ ní Nàìjíríà yóò rí ìdáhùn mẹ́ta: 1933, 1937 àti 1951. Bó bá béèrè iye àgbàlagbà tó ń mu sìgá, ìwé kan á ní wọn ò tó mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, òmíràn á ní wọ́n lé ní mẹ́wàá. Ó ti pẹ́ tó yẹ kí a to ọ̀rọ̀ náà sójú kan.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ewé tábà ti ṣẹ̀. Àwọn kan ní láti Mòrókò ló ti gba aṣálẹ̀ dé ìhà tiwa. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará Timbuktu. Ní tiwa, etíkun ló gbà wọlé. Àwọn awalẹ̀pìtàn máa ń fi ìkòkò tábà alámọ̀ díwọ̀n ọjọ́ orí ibi tí wọ́n bá ń gbẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti bá a, wọ́n mọ̀ pé àwọn ohun tó wà níbẹ̀ kò lè ṣáájú nǹkan bí ọdún 1600.

Òwò ẹrú ló sọ tábà di ọjà ńlá. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, ewé tó dára ni wọ́n ń kó lọ sí Lisbon. Èyí tó kù, tí wọ́n kà sí ìdọ̀tí, ni wọ́n ń lọ́ bí okùn, tí wọ́n ń fi omi ìrèké tó ti ki kùn lára kó má baà gbẹ, kó sì lè ta sánsán. Ìdì tábà yìí gan-an ni àwọn oníṣòwò Ouidah, Porto-Novo àti Èkó fẹ́ràn jù. Àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pàápàá ń wá a rà lọ́wọ́ àwọn ará Bràsíìlì, torí láìsí i, ọjà wọn kì í yá. Pierre Verger, tí a mọ̀ sí Fátúnbí, ló tú àkọsílẹ̀ òwò yìí palẹ̀ jù lọ. Ohun tó bani nínú jẹ́ níbẹ̀ ni pé ènìyàn ni wọ́n ń fi ìdì tábà náà rà, àwọn tí wọ́n sì rà ni wọ́n kó lọ sí Bahia kan náà.

Lẹ́yìn òwò ẹrú, tábà kò kúrò nílẹ̀: àwọn àgbà ń fa ìkòkò, wọ́n sì ń lọ aṣáà.

Ní ti ilé-iṣẹ́, kò sí irọ́ nínú ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní 1933, ilé-iṣẹ́ British American Tobacco dá ilé ìdánwò kan sílẹ̀ ní Òṣogbo. Ní 1937 ni wọ́n kọ́ èyí tó tóbi sí Ìbàdàn. Ní 1951 ni orúkọ Nigerian Tobacco Company jáde. Nítorí náà, Òṣogbo ni àkọ́kọ́. Àwọn àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn, Òkè-Ògùn àti Ògbómọ̀ṣọ́ wọnú iṣẹ́ náà: wọn á so ewé mọ́ igi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á fi kọ́ sínú ahéré títí á fi gbẹ. Ní 2000, British American Tobacco gba Nigerian Tobacco Company mọ́ra, wọ́n sì ṣí ilé-iṣẹ́ tuntun ní Ìbàdàn ní 2003.

Ó kan iye àwọn tó ń mu ún. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2012 fi hàn pé nínú àwọn tó ti pé ọdún 15 sókè, ìdá 3.9 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń mu sìgá tàbí tábà eléèéfín mìíràn, ìyẹn nǹkan bí mílíọ̀nù 3.1. Ọkùnrin jẹ́ 7.3, obìnrin 0.4. Bí a bá ka aṣáà àti irú rẹ̀ mọ́ ọn, ó di 5.6. Ìdá 10.4 tí àwọn kan ń gbé kiri wá láti inú àpilẹ̀kọ kan tó jáde ní 2019, tó pa ìwádìí oríṣiríṣi ìlú àti ọdún pọ̀. Ti 2012 ni mo fara mọ́, torí ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi gbogbo ènìyàn, láti ilé dé ilé.

Kí ló dé tí àwọn obìnrin fi kéré tó bẹ́ẹ̀? Ojú ayé ni, àti ẹ̀sìn. Àwọn ààfáà ń kìlọ̀ rẹ̀; ìjọ Sẹ̀lẹ́ tí Oshoffa dá sílẹ̀ ní 1947 kò gba tábà láàyè rárá. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bú ìyá àgbà tó ń ta aṣáà sẹ́nu, ìdí nìyẹn tí ìdá 0.9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin fi ń lo tábà tí kò ní èéfín ní 2012, ó lé ní ìlọ́po méjì àwọn tó ń mu tábà eléèéfín. Ohun tó ń fa ọkùnrin ni pé owó rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà ní ìkóríta: páálí tí wọ́n ti ya wà lórí tábìlì, láítà wà lára okùn tí wọ́n so mọ́ òpó, ẹni tí kò lówó páálí á ra ẹyọ kan, á tanná sí i, á sì máa lọ.

Ní ti òfin tábà, ti 1990 kò lágbára. Ti 2015 ló le: kò sí títa ní ẹyọ, ẹni tí kò tó ọdún 18 kò gbọdọ̀ rà á, kò sì gbọdọ̀ tà á. Láti 2018 ni wọ́n ti ń bu owó orí lé páálí, ₦20, ₦40, títí tó fi di ₦58 ní 2020. Ní Oṣù Kejìlá 2023, àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 110 dọ́là lé British American Tobacco.

Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń ta sìgá ní ẹyọ lójútáyé. Ẹ̀yin bàbá tó ń mu ún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán ọmọ yín lọ rà á mọ́.