Ohun Tí A Bá Bò Ni Aró Kì Í Rí

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé fàájì tiwọn ni kí wọ́n máa to ọkọ̀ ogun kékeré tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kí wọ́n sì kùn ún bíi ti gidi. Bí wọ́n bá fẹ́ ya àwọ̀ ṣójà sí i lára, wọn ò kàn ní da ọ̀dà lé e lórí. Wọ́n á gé ìwé tàbí téèpù, wọ́n á fi bo ibi tí ọ̀dà ò gbọ́dọ̀ dé, kí wọ́n tó gbé airbrush, ìyẹn ìbọn kékeré tó ń fi afẹ́fẹ́ fọ́n ọ̀dà. Bí téèpù bá lẹ̀ dáadáa, etí àwọ̀ á mú ṣáṣá. Bí wọ́n bá gbé ìwé náà sókè díẹ̀, etí á rọ̀, àwọ̀ kan á rọra wọ inú èkejì.

Iṣẹ́ gidi ni eré yìí ń wò kọ. Níbẹ̀rẹ̀ Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tó ń kun ọkọ̀ òfurufú Spitfire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní bátànì méjì tí ìjọba là sílẹ̀ fún wọn, A àti B. B dà bí ìgbà tí A bá ń wo ara rẹ̀ nínú dígí.

Ní Olúpọ̀nnà wa níbí, nítòsí Ìwó, a ò tíì rí ẹni tó ń kun ọkọ̀ ogun kékeré. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n bíbo nǹkan kí àwọ̀ má baà dé ibẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa rárá. Ẹ lọ ṣí àpótí aṣọ ìyá àgbà yín, ẹ wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀kọ láfún tí wọ́n po álọ́ọ̀mù mọ́ ni wọ́n fi ń ya ọnà sórí aṣọ funfun. Bó bá gbẹ, wọ́n á rẹ aṣọ náà sínú aró èlú, wọ́n á sá a, wọ́n á tún un rẹ. Ibi tí ẹ̀kọ bò, aró ò ní lè wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá wá họ ẹ̀kọ kúrò, ọnà á yọ. Ìyẹ́ adìẹ ni àwọn obìnrin Ìbàdàn fi ń ya tiwọn. Òpó gbọ̀ngàn Mápó wà nínú èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn.

Ní Abẹ́òkúta, níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọ̀nà mìíràn là. Àwọn ọkùnrin ń fi ṣísẹ́lì àti òòlù gé ọnà sára páànù pẹlẹbẹ. Àdìrẹ bátànì nìyẹn. Wọ́n á tẹ́ páànù sórí aṣọ, wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ ti ẹ̀kọ gba inú ihò rẹ̀, wọ́n á gbé e kúrò, ó di ibòmíràn. Ẹ ṣàkíyèsí o: ti ọkọ̀ kékeré, ibi tó ṣí sílẹ̀ ló ń gba àwọ̀. Ti bátànì, ibi tó ṣí sílẹ̀ ló máa funfun.

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Bí ẹ bá gé òbìrí kan lódindi, àárín rẹ̀ á já bọ́. Ẹni tó ń gé e gbọ́dọ̀ fi afárá tín-tìn-tín sílẹ̀ tí yóò di àárín mú, kó sì mọ ibi tí afárá yẹn á gbà tí ò ní ba ọnà jẹ́. Bí ẹ̀kọ bá sì ṣàn jù, á yọ́ wọ abẹ́ páànù, etí ọnà á dàrú.

Lọ́dún 1935 tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí ìtẹ́, àwòrán òun àti Ayaba Mary bọ́ sórí àdìrẹ. Olóba ni wọ́n pè é. Láàárín àwọn ọdún 1930 yẹn kan náà, Aláké fòfin de sóódà àti aró òyìnbó, àwọn aláró Abẹ́òkúta sì yarí. Àríyànjiyàn lórí ohun tó jẹ́ àdìrẹ gidi ti pẹ́, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa.

Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í gbà bí ẹnìkan bá sọ pé ìyẹ́ adìẹ nìkan ni iṣẹ́ ọwọ́, pé ẹ̀rọ ni bátànì. Bátànì mú iṣẹ́ yá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn ló gé e, ọwọ́ èèyàn ló tẹ̀ ẹ́, ojú èèyàn ló mọ ibi tí afárá gbà. Èyí tó ń dùn wá ni aṣọ tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tẹ ọnà wọ̀nyẹn sí, tí wọ́n sì ń tà á lórúkọ àdìrẹ. Bí a bá ń ra ìyẹn lọ, ta ni yóò tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé páànù?

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ yí aṣọ náà padà. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi ẹ̀kọ sí. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹlẹ́kọ, ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú ju iwájú lọ, torí pé aró ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ̀yìn aṣọ ló máa sọ fún yín bóyá ọwọ́ kan bo nǹkan níbẹ̀ rí.