Ta Ló Ni Ilẹ̀ Tí Ẹ Ń Kọ̀tàn Sí?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan ká tó lọ jìnnà: ta ló ni ilẹ̀ tí ẹ ń kọ ìtàn yín sí? Mi ò bèèrè ẹni tó ni ìtàn o. Ilẹ̀ ni mo wí. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2007, ìbéèrè yìí já lu ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó sì ti ronú èsì rẹ̀ sílẹ̀ láàárín wọn ò pọ̀.

Àwọn olólùfẹ́ ìtàn ni mò ń sọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n á ka Harry Potter tán, wọ́n á wo Star Trek tán, síbẹ̀ ọkàn wọn ò ní kúrò níbẹ̀. Wọ́n á wá mú àwọn ẹ̀dá inú ìtàn yẹn, wọ́n á fi kọ tiwọn: kí ni lágbájá ṣe lẹ́yìn tí ìwé parí? Bó bá jẹ́ pé tàmẹ̀dò ò kú ńkọ́? Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Fanfiction ni wọ́n ń pè é. Kì í sì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì ló bí i. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1967, àwọn olólùfẹ́ Star Trek fúnra wọn ti ń tẹ Spockanalia jáde, ìwé ìròyìn pélébé tó bá èyí tó wà lọ́wọ́ yín yìí tan. Leonard Nimoy tó ṣe Spock gan-an kọ lẹ́tà sí wọn. Àmọ́ nígbà tó di 1981, Lucasfilm, ilé iṣẹ́ tó ni Star Wars, kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ pé àwọn ò fẹ́ rí ìtàn ìbálòpọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀dá inú fíìmù àwọn kọ.

Ẹni tó ni ìtàn nìyẹn, a sì lè bá irú wọn fà á. Ní òpin ọdún 2000, Warner Bros. kọ lẹ́tà sí ọmọbìnrin ọmọ ọdún 15 kan ní Ìlú Ọba nítorí ojú ewé Harry Potter tó ṣí. Àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀ pariwo, wọ́n ní àwọn ò ní ra ọjà Harry Potter mọ́, ilé iṣẹ́ ńlá náà sì rọ̀ nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ilẹ̀ ò nílò lẹ́tà. Bọ́tìnì lásán ló máa tẹ̀.

FanFiction.Net, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, ni ibi tí ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ ń kó ìtàn wọn sí. Ní 2002 ó ní kí gbogbo ìtàn àgbàlagbà kúrò. Ọ̀pọ̀ àwọn òǹkọ̀wé yìí rí àyè lórí LiveJournal, tí ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Six Apart rà ní 2005. Ara tù wọ́n níbẹ̀. Wọ́n ń kọ̀tàn, wọ́n ń yàwòrán, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn dòru.

Ló bá di ọdún 2007. Ẹgbẹ́ kan tó pe ara rẹ̀ ní Warriors for Innocence fẹ̀sùn kan Six Apart pé ó ń gba àwọn tó ń bá ọmọdé ṣèṣekúṣe láyè. Bẹ́ẹ̀, Six Apart ti ń gba ìpolówó ọjà sórí LiveJournal láti 2006. Ẹ mọ bí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí létí oníṣòwò. Àárín ọjọ́ méjì péré, nǹkan bí 500 ojú ewé ti di títì pa. Báwo ni wọ́n ṣe ṣà wọ́n? Oníkálukú máa ń to ohun tó ń fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí sí ojú ewé rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ tó dún bí ìwà ọ̀daràn bá wà níbẹ̀, ó wọ gàù. Àwọn ẹgbẹ́ akọ̀tàn Harry Potter lọ. Ẹgbẹ́ tó ń fi èdè Sípáníìṣì jíròrò lórí Lolita, ìwé Nabokov, lọ. Àwọn tí wọ́n ti fipá bá lò rí, tí wọ́n ń tu ara wọn nínú, àwọn náà lọ! Gbogbo orúkọ tí wọ́n tì pa ni ìlà gba orí rẹ̀ kọjá gbọọrọ, bí ìgbà tí tíṣà bá fi báírò fagi lé orúkọ ọmọ nínú rẹ́jísítà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ọ̀rọ̀ náà ní Strikethrough.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí mi. Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì wo ojú ewé kan nínú ìwé ìròyìn wa, ó rí "oyún", ó ní òun ò ní fi ẹ̀rọ òun tẹ ìranù. Ẹ̀yin tí ẹ padà rí ìtàn náà kà mọ̀ pé ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ló ń wá bó ṣe máa gbà á sílẹ̀. Ọkùnrin yìí ka ọ̀rọ̀ kan. Kò ka ìtàn.

Mi ò ní kí wọ́n fi ọmọdé sílẹ̀ fún ìkà o. Ẹni tó bá ń fìyà jẹ ọmọdé, ọlọ́pàá ni kó gbé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ̀tàn nípa olè kì í ṣe olè, àbí?

Ní ọjọ́ 31 oṣù náà, ọ̀gá Six Apart, Barak Berkowitz, tọrọ àforíjì, wọ́n sì dá èyí tó pọ̀ jù padà. Àforíjì yẹn ò tíì tutù tí wọ́n tún fi lé ayàwòrán méjì jáde nínú oṣù kẹjọ nítorí àwòrán Harry Potter. Kọ́dún tó parí, wọ́n ti ta LiveJournal fún SUP, ilé iṣẹ́ Rọ́ṣíà. Nígbà tó di 2017, òfin Rọ́ṣíà ló wà nínú àdéhùn tí oníkálukú gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, àwọn tó ṣẹ́ kù bá tún palẹ̀ mọ́.

Ṣé ẹ rántí pé mo ní àwọn kan ti ronú sílẹ̀? Naomi Novik, tó ń kọ ìwé Temeraire, wà lára wọn. Ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún 2007, ọjọ́ 12 ṣáájú kí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí orúkọ, ó ti kọ ọ́ sórí LiveJournal kan náà pé ó tó kí àwọn olólùfẹ́ ìtàn kọ́ ilé tiwọn, tí ò ní sí ìpolówó ọjà nínú ẹ̀. Ohun tó tẹ̀ lé e ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ dìde. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yẹn, Organization for Transformative Works. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé àwọn kan nínú wọn, obìnrin ló pọ̀ jù, ẹnu iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Owó tí oníkálukú dá ni wọ́n fi ra ẹ̀rọ. Oṣù kọkànlá ọdún 2009 ni wọ́n ṣí Archive of Our Own fún gbogbo ayé. Ó gba ẹ̀bùn Hugo ní 2019, iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ sì ti ju mílíọ̀nù 10 lọ.

Ilé yẹn ò gba owó onípolówó, kò sí onílé tó lè lé wọn jáde. Àmọ́ ní Ṣáínà, ọ̀nà ilé ni wọ́n dí. Ní oṣù kejì ọdún 2020, ìtàn kan jáde níbẹ̀ tó lo òṣèré Xiao Zhan lọ́nà tí inú àwọn kan nínú àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ò dùn sí. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n fẹjọ́ sùn. Nígbà tó di ọjọ́ 29, Archive of Our Own ò ṣí mọ́ ní Ṣáínà. Inú bí àwọn òǹkàwé yòókù, wọ́n ní àwọn ò ní ra ọjà kankan tí Xiao Zhan bá polówó. Ìbínú yẹn ò ṣí ọ̀nà. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ọ̀nà ṣì dí.