Ọjọ́ Vitiligo: Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀

Láti Òkokomáíkò ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Tí àmì funfun bá yọ lára ẹnìkan, àwọn kan á ní ẹ̀tẹ̀ ni. Rárá o! Vitiligo kì í ràn. Ogo Maduewesi, ọmọ Nàìjíríà tí òun náà ní in, wà lára àwọn tó dá Ọjọ́ Vitiligo Àgbáyé sílẹ̀. Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, 25 oṣù Kẹfà, 2011, ní ìrántí Michael Jackson.

Ṣé yóò tàn sí i? Kò sí dókítà tó lè búra. Àmọ́ ojú sábà máa ń gba ìtọ́jú ju ìka ọwọ́ lọ. Bí irun ibẹ̀ bá ṣì dúdú, ìrètí pọ̀: láti ìdí irun ni àwọ̀ ti ń padà. Ẹ má fi falẹ̀.