Ilé olódi Àgùdà ní Ouidah: Mẹ́ta ni wọ́n, ọ̀kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù

Etíkun kan náà ni Ararọ̀mí Ìlàjẹ àti ìlú Ouidah wà, àmọ́ Ouidah wà lápá ìwọ̀ oòrùn, ní orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin. Láyé òwò ẹrú, Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti Pọtogí ló ní ilé olódi níbẹ̀. Lónìí, ti Pọtogí nìkan ló ṣì dúró.

Ta ló kọ́ ọ?

Ọdún 1721 ni àwọn Pọtogí kọ́ ilé olódi São João Baptista. Ajudá ni wọ́n ń pe ìlú náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa "Àgùdà" ti wá. Tábà láti Bahia, ní Brazil, ni wọ́n fi ń ra ènìyàn. Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé àwọn tí wọ́n kó gba Ouidah lọ sókè òkun lé ní mílíọ̀nù kan. Ọmọ Yorùbá wà nínú wọn.

Ta ló láṣẹ níbẹ̀?

Èèyàn lè rò pé òyìnbó ni, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ilé olódi Elmina ní Ghana, tí Pọtogí bẹ̀rẹ̀ ní 1482, etí òkun ló sì wà. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ti Ouidah, ó sì tó nǹkan bíi kìlómítà 4 sí òkun. Ọba Agaja ti Dahomey gba ìlú náà ní 1727. Nígbà tó yá, ìjòyè ọba tí wọ́n ń pè ní Yovogan ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó. Ní 1743, ọmọ ogun Dahomey kọlu ilé olódi Pọtogí, wọ́n sì bà á jẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tún un kọ́.

Báwo ló ṣe bọ́ lọ́wọ́ Pọtogí?

Kódà nígbà tí Faransé gba gbogbo Dahomey, ọgbà kékeré yìí ṣì wà lọ́wọ́ Pọtogí. Ìkànìyàn ọdún 1921 bá èèyàn 5 péré níbẹ̀. Dahomey gba òmìnira ní 1960. Lọ́dún 1961, ìjọba ní kí Pọtogí kó jáde, ó pẹ́ tán, 31 oṣù Keje. Aṣojú Pọtogí dáná sun ilé náà kó tó lọ.

Kí ló ṣẹ́kù?

Wọ́n tún ilé tó jóná náà ṣe, ó sì di mùsíọ́mù ìtàn Ouidah ní 1967. Ògiri funfun, àgbá irin àtijọ́ àti ilé ìsìn kékeré wà nínú ọgbà rẹ̀. Ilé olódi Faransé kò rí irú àánú yẹn: wọ́n wó o palẹ̀ ní 1908.

Àwọn ará etíkun Ìlàjẹ mọ bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀. Ní Ouidah, ọwọ́ èèyàn ló wó ti Faransé, ọwọ́ èèyàn náà ló tún ti Pọtogí ṣe. Ìyẹn ni ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n tà fi ṣì lè fojú ara wọn rí ibi tí wọ́n ti ń ṣòwò èèyàn.