Ọdún Wo Gan-an Ni Wọ́n Bí Àjàyí Crowther?

Mo jẹ yín ní gbèsè àtúnṣe kan. Mo ti sọ fún yín rí pé ọdún 1809 ni wọ́n bí Samuel Àjàyí Crowther ní Òṣoògùn. Ìṣirò lásán ni. Ọdún 1821 tí wọ́n kó o lẹ́rú ló dájú.

Ẹnu wa mọ “nǹkan bí” í sọ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí ìlànà àgbáyé ISO 8601-2 ti ọdún 2019 fi ṣe àmì sílẹ̀. 1809~ ni “nǹkan bí 1809”. 1809? ni “bóyá 1809”. 180X ni ọdún kan láàárín 1800 sí 1809.

Bí ẹ bá ń kọ ìtàn màmá àgbà yín, ẹ má purọ́ ọjọ́ orí mọ́ wọn. Ẹ fi àmì sí i.