Oúnjẹ Àárọ̀ Òṣóògùn

Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Oníkálukú wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Nínú agboolé kan ní Òṣóògùn, wọ́n ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́. Wọn kò tíì bù ú.

Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Ìró gba ìlú kan: ogun ń bọ̀. Kò pẹ́, ogun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí wọn ká. Ọgbà igi ni wọ́n fi ṣe odi, àyíká rẹ̀ tó máìlì 4. Ẹnubodè bíi 6 ló ní, ibi tí kò sì lágbára lára rẹ̀ pọ̀. Èèyàn bí 12,000 ló ń gbé inú ìlú. Àwọn tó lè jà nínú wọn tó 3,000, bí gbogbo wọn bá wà nílé. Àwọn kan kò sí nílé.

Ọ̀sán gangan, tàbí kó lé díẹ̀. Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ni wọ́n fi dènà. Bàbá kan ti ojú ìjà dé. Ó wọ ilé rẹ̀, ilé tí wọ́n ti sun ṣáájú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ tó gbà tọ́. Ó ṣe àmì sí àwọn ará ilé pé kí wọ́n sá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kò tún rí i mọ́.

Inú igbó ẹlẹ́gùn-ún ni wọ́n sá gbà. Ìtàkùn ń kọ́ ẹrù lórí àwọn obìnrin, ẹrù ń já bọ́. Ẹni tó kó ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́fà dání kò mọ èyí tí òun ó kọ́kọ́ tú. Ẹrù ti ọmọkùnrin náà kò ju ọrun kan àti ọfà márùn-ún nínú apó. Igbó gba ọrun. Okùn gba ọrùn.

Wọ́n mú un pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ìbátan wọn kan, àti ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin méjì, tí ọ̀kan kò ju ọmọ oṣù mẹ́wàá lọ. Ẹnì kan ń dà wọ́n lọ bí ewúrẹ́. Àwọn tó mú wọn kì í ṣe àjèjì. Ọ̀yọ́ ni wọ́n, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ.

Ọ̀sán yẹ̀. Àárín ìlú ni wọ́n gbà kọjá. Ọkùnrin kan fi orí gbọgbẹ́, ó ń pọ̀kàkà ikú. Wọn kò tíì la ìlú dé ìdajì tí àwọn ajagun mìíràn fi já ìbátan wọn gbà lọ. Ilé ń jó, ọwọ́ iná ga. Wọ́n kọjá níwájú ilé ìyá àgbà, ó ti dahoro. Lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn, wọ́n tajú kán rí ìyá àgbà fúnra rẹ̀ lókèèrè, òun àti ọmọ-ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Èrò bò ó.

Ìrọ̀lẹ́. Wọ́n dé ìsun omi kan. Wọ́n mu omi, wọ́n tún mu. Wọ́n rí àgbàdo yíyan díẹ̀ jẹ, pẹ̀lú ẹran gbígbẹ tí àwọn ajagun pèsè fún ara wọn. Oúnjẹ àárọ̀ nìyẹn.

Ó kù díẹ̀ kó di ọ̀gànjọ́. Wọ́n ti rìn tó máìlì 20, wọ́n ń la àárín ìlú tó ti di eérú. Odi Ìsẹ́yìn kù sí tòsí. Ìyá arúgbó kan, ẹni bí ọgọ́ta ọdún, kò lè yára mọ́. Wọ́n ní àwọn á pa á síbẹ̀. Okùn fa àwọn tó kù lọ. Ohun tó dé bá a, ọmọ náà kò gbọ́.

Ilẹ̀ mọ́. Wọ́n tú okùn lọ́rùn wọn. Wọ́n pín wọn. Ọmọkùnrin náà àti ọmọ ìyá rẹ̀ kan bọ́ sọ́wọ́ olóyè àwọn ajagun náà. Ìyá àti ọmọ-ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó mú wọn.

Ọdún 1837, Fourah Bay, ní Sàró. Ọmọ náà ti ń jẹ́ Samuel Àjàyí Crowther. Ó ń kọ lẹ́tà sí ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS. Ó rántí iye ẹnubodè, ó rántí iye ọfà. Oṣù gan-an ni kò dá a lójú, ó kàn ní ìbẹ̀rẹ̀ 1821 ni. Ó pe ọjọ́ náà ní ọjọ́ ìbànújẹ́, ó sì pè é ní ọjọ́ ìbùkún, nítorí Ọlọ́run ló yàn án sílẹ̀ fún ìrìn àjò òun. Kò fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Nígbà tó kan bàbá rẹ̀, ó dágbére fún un nínú ìwé bí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀.

Ìyá rẹ̀, kò mọ ibi tó wà. Ọdún mẹ́sàn-án ṣì kù kí wọ́n tó fojú kan ara wọn l'Ábẹ́òkúta.